Ẹnu Tó Di Irin Mú: Yíyan Ohun Èlò fún Títẹ Irin Wẹ́wẹ́ Lára Àfijọ Ọkọ̀

Ní àwọn abúlé àti ìlú kéékèèké tó yí Ìbàdàn ká, láti Mọ́níyà ní Akínyẹlé dé Lálúpọn ní Lágelú, àti láti Ẹgbẹ́dá dé Àkànrán ní Ọ̀nà-Àrà, àwọn ọmọdé ti ń fi agolo mílíìkì, wáyà àti ìdérí ìgò ṣe ọkọ̀ tipẹ́tipẹ́, tí wọn yóò so okùn mọ́ ọn níwájú, tí wọn yóò sì máa wọ́ ọ káàkiri àgbàlá. Àwọn àgbà sábà máa ń ka iṣẹ́ yìí sí eré ọwọ́dilẹ̀, ṣùgbọ́n ní ìpìlẹ̀ rẹ̀ ó jẹ́ ọ̀kan náà pẹ̀lú iṣẹ́ àfijọ kékeré tí àwọn àgbàlagbà ń náwó nára sí ní Yúróòpù, Amẹ́ríkà àti Japan, èyí tí í ṣe ṣíṣe ọkọ̀, rélùwéè, bàálù tàbí ilé ní kékeré, tí gbogbo ẹ̀yà ara rẹ̀ yóò sì dínkù ní ìwọ̀n kan náà. Ohun tó ya àfijọ tó gún régé sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tó wọ́ ni bí wọ́n ṣe tẹ irin tó wà lára rẹ̀, ohun tó sì ń pinnu ìyẹn, ju agbára ọwọ́ lọ, ni ohun èlò tí oníṣẹ́ yàn.

Bí wọ́n bá sọ pé àfijọ kan wà ní ìwọ̀n 1:24, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé sẹ̀ǹtímítà 24 lára ọkọ̀ gidi ti di sẹ̀ǹtímítà 1 lára àfijọ, nítorí náà bọ́lẹ̀kájà tó gùn ní mítà 6 yóò di sẹ̀ǹtímítà 25. Bí gígùn ṣe ń dínkù náà ni nínípọn ń dínkù: irin pẹlẹbẹ tó nípọn ní mìlímítà 3 lára ọkọ̀ gidi gbọ́dọ̀ di mìlímítà 0.125, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ara agolo ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò mu, nítorí ara irú agolo bẹ́ẹ̀, tí wọ́n fi alumíníọ̀mù ṣe, kì í fi bẹ́ẹ̀ ju mìlímítà 0.1 lọ. Pákó kò lè tín-ín-rín tó bẹ́ẹ̀ kí ó má ṣẹ́, ìdí sì nìyí tí àwọn ilé-iṣẹ́ bí i Eduard ní orílẹ̀-èdè Czech, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1989, fi ń ta ẹ̀yà ara àfijọ tí wọ́n fi kẹ́míkà gé láti ara idẹ pẹlẹbẹ. Kẹ́míkà náà a máa jẹ idẹ já níbi tí wọ́n bá fẹ́ kí ó já, a sì máa jẹ ẹ́ dé ìdajì níbi tí wọ́n bá fẹ́ kí ẹni tó rà á tẹ̀ ẹ́, kí ìlà tó jẹ náà lè wà ní inú igun. Ẹni tó ń fi agolo ṣiṣẹ́ ní Ẹgbẹ́dá kò ní irú ìlà bẹ́ẹ̀, àfi kí ó fi ṣóńṣó ìṣó àti rúlà irin fà á fúnra rẹ̀, ní fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, kí irin má baà já sí i lọ́wọ́.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbà pé ohun tó ń tẹ irin ni ohun tí wọ́n fi ń tì í, wọn a sì máa wá òòlù tàbí pláyà tó lágbára. Ohun tó ń tẹ irin gan-an ni ohun tó dì í mú, nítorí pé irin tín-ín-rín máa ń tẹ̀ ní ibi tí ìdìmú bá parí sí ni, kì í ṣe ibi tí ọwọ́ ń tì í. Bí ẹnu ohun èlò bá kúrú ju ìlà tí wọ́n fẹ́ tẹ̀ lọ, apá tó wà lẹ́nu rẹ̀ yóò tẹ̀ tààrà, apá tó yọ síta yóò sì fà sẹ́yìn, gbogbo rẹ̀ yóò wá tẹ̀ kọrọdọ bí ọkọ̀ ojú omi. Èyí kì í ṣe ìmọ̀ àjèjì. Kò sí àgbẹ̀dẹ tí ẹ̀mú kan ṣoṣo ń tó, nítorí ẹ̀mú tí alágbẹ̀dẹ fi ń di ọkọ́ mú kọ́ ló fi ń di ọ̀bẹ mú, ẹnu ẹ̀mú kọ̀ọ̀kan ni wọ́n sì ti rọ láti bá irin tí yóò dì mú ṣe déédéé. Nítorí náà, ìbéèrè àkọ́kọ́ tó yẹ kí oníṣẹ́ bi ara rẹ̀ ni bí ìlà tó fẹ́ tẹ̀ ṣe gùn tó, àti bóyá igun tó mú tàbí ìtẹ̀ roboto ló fẹ́.

Fún ìlà tí kò gùn ju sẹ̀ǹtímítà 1 tàbí 2 lọ, bí i etí ìlẹ̀kùn ọkọ̀ tàbí ibi tí wọ́n ń gbé ẹsẹ̀ lé, pláyà tó, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo pláyà. Èyí tí àwọn mẹkáníìkì àti àwọn tó ń ṣe wáyà iná ń lò ní eyín lẹ́nu, nítorí iṣẹ́ tiwọn ń fẹ́ ohun tí kì í yọ̀. Eyín wọ̀nyẹn máa ń ya àpá sára agolo àti idẹ, ọ̀dà kì í sì í bo àpá náà tán, ńṣe ló tún máa ń fi í hàn. Ohun tó dára jù ní àdúgbò wà lọ́wọ́ àwọn tí ń sin ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn fún títà, iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́bìnrin ti kọ́ ní àwọn ìlú wọ̀nyí. Pláyà tiwọn kéré, ó fúyẹ́, oríṣi méjì tó ṣe pàtàkì nínú rẹ̀ sì ni èyí tí ẹnu rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, tó ń fúnni ní igun tó mú, àti èyí tí ẹnu rẹ̀ méjèèjì rí roboto, tó nípọn ní ìdí tó sì tín-ín-rín ní ṣóńṣó, tó ń ká wáyà sí òrùka ńlá tàbí kékeré gẹ́gẹ́ bí ibi tí wọ́n bá ti fi wáyà há a lẹ́nu. Ẹnu wọn kò sábà ní eyín, nítorí àwọn oníṣẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ náà kò fẹ́ àpá lára wáyà wọn. Ẹni tí kò rí irú rẹ̀ rà lè fi fáìlì ha eyín pláyà mẹkáníìkì kúrò, kí ó sì fi bébà oníyanrìn dán an. Pláyà náà kò ní wúlò fún nọ́ọ̀tì mọ́, ṣùgbọ́n yóò wúlò fún àfijọ.

Nígbà tí ìlà bá gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ, pláyà kò ṣe é lò mọ́, bó ti wù kí ọwọ́ oníṣẹ́ dá a lójú tó. Ní òkè òkun, wọ́n ní ohun èlò tí wọ́n dìídì ṣe fún èyí, tí ọ̀kan tó lórúkọ nínú wọn ń jẹ́ Hold and Fold: ó jẹ́ irin pẹrẹsẹ nísàlẹ̀, tí irin mìíràn wà lórí rẹ̀ tí skúrù ń fún mọ́lẹ̀, tí irin òkè náà sì ní ẹnu gígùn kan ní ìhà kan àti ọ̀pọ̀ ìka tó fẹ̀ jura lọ ní ìhà kejì. Oníṣẹ́ yóò fi idẹ sáàárín irin méjèèjì, yóò fún un mọ́lẹ̀ pẹ̀lú ìlà ìtẹ̀ ní etí ẹnu náà gan-an, yóò wá ti bíléèdì ìfárí sí abẹ́ apá tó yọ síta, yóò sì gbé e sókè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láti ìbẹ̀rẹ̀ ìlà dé òpin rẹ̀. Àwọn ìka náà wà fún ohun tó dà bí àpótí, nítorí pé bí ìhà méjì bá ti dìde, ẹnu gígùn kò ní lè wọ àárín wọn láti tẹ ìhà kẹta.

Àpótí yìí ni ó máa ń dá ọ̀pọ̀ iṣẹ́ rú, ó sì tọ́ láti wò ó fínnífínní. Bí ẹnì kan bá fẹ́ fi agolo mílíìkì ṣe àpótí irinṣẹ́ tó máa ń wà lábẹ́ ara bọ́lẹ̀kájà, tó gùn ní mìlímítà 30 tó sì fẹ̀ ní mìlímítà 15, kí ó kọ́kọ́ tẹ àwọn etí wẹ́wẹ́ tí wọn yóò fi lẹ̀ ẹ́ pọ̀, lẹ́yìn náà kí ó tẹ ìhà gígùn méjèèjì, kí ó sì fi ìhà kúkúrú méjèèjì ṣe ìkẹyìn, pẹ̀lú irin tó fẹ̀ ní mìlímítà 14 tó lè wọ inú àpótí náà. Bí ó bá tẹ ìhà ńlá ṣáájú etí wẹ́wẹ́, kò sí ẹnu ohun èlò kankan tí yóò lè dé ibi tí etí náà wà mọ́. Agolo náà yóò sì fẹ́ padà díẹ̀ lẹ́yìn tí ọwọ́ bá kúrò lára rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìṣe gbogbo irin, nítorí náà igun tí wọ́n fẹ́ kí ó jẹ́ dígírì 90 ni wọn yóò tẹ̀ kọjá bẹ́ẹ̀ díẹ̀, kí ó lè padà sí ojú rẹ̀. Títẹ̀ ẹ́ síwá sẹ́yìn láti tún un ṣe ni ó burú jù, nítorí ìgbàkigbà tí irin bá tẹ̀ ló ń le sí i, títí yóò fi là ní ojú ìtẹ̀.

Ti wáyà yàtọ̀. Ọkọ̀ ojú irin tó ń ná Èkó sí Ìbàdàn, tí wọ́n ṣí ní oṣù Kẹfà ọdún 2021, tí ibùdókọ̀ rẹ̀ ní Ìbàdàn sì wà ní Mọ́níyà, jẹ́ àpẹẹrẹ tó dára fún ọ̀dọ́ tó bá fẹ́ ṣe àfijọ ohun tó ń rí lójoojúmọ́. Ojú irin rẹ̀ fẹ̀ ní mìlímítà 1,435, èyí tó di mìlímítà 16.5 ní ìwọ̀n 1:87 tí àwọn olùfẹ́ rélùwéè ń lò jù lọ lágbàáyé, nígbà tí ojú irin àtijọ́ tó gba Lálúpọn kọjá lọ sí Òṣogbo, tó fẹ̀ ní mìlímítà 1,067, yóò di nǹkan bí mìlímítà 12.3. Ní ìwọ̀n yìí, irin ìdìmú ẹnu ọ̀nà tó nípọn ní mìlímítà 30 yóò di nǹkan bí mìlímítà 0.34, okùn bàbà wẹ́wẹ́ tó wà nínú wáyà iná sì súnmọ́ ọn. Irú irin ìdìmú bẹ́ẹ̀ lè tó 20 lára kóòṣì kan, gbogbo wọn sì gbọ́dọ̀ bára dọ́gba, ohun tí kò sí pláyà tó lè ṣe é. Ohun èlò tó yẹ ni pákó líle tí wọ́n kan ìṣó méjì mọ́, tí wọ́n sì gé orí wọn kúrò, kí wọ́n máa fi wáyà yí wọn ká. Àwọn tó ń tẹ irin kọ́ńkéré níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé ń ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ lórí pákó gígùn tí wọ́n ti gbé irin kéékèèké ró sí, bí irin òrùka òpó 100 bá sì jáde láti orí pákó náà, ìwọ̀n kan náà ni gbogbo wọn. Bí ìtẹ̀ bá jẹ́ roboto, kí ìṣó náà tín-ín-rín díẹ̀ ju ìtẹ̀ tí wọ́n fẹ́ lọ, nítorí fífẹ́ padà wáyà.

Iná náà jẹ́ ohun èlò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò wà fún gbogbo irin. Idẹ àti bàbà tó bá le jù yóò rọ̀ bí wọ́n bá mú un gbóná títí yóò fi pọ́n díẹ̀, kódà bí wọ́n bá rì í bọ omi lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ní òdìkejì sí irin ọ̀bẹ tó máa ń le sí i nínú omi. Alumíníọ̀mù kì í pọ́n kí ó tó yọ́ ní dígírì 660, nítorí náà wọ́n máa ń fi ọṣẹ pa á lára, wọ́n á sì gbé e kúrò lórí iná bí ọṣẹ náà bá ti ń dúdú. Agolo mílíìkì ní tirẹ̀ jẹ́ irin tí wọ́n fi tánńganran bò, tánńganran sì ń yọ́ ní dígírì 232, iná yóò bó o kúrò, ìpẹtà yóò sì wọlé. Páànù ilé tí wọ́n fi síǹkì bò kò gbọ́dọ̀ dé iná rárá, nítorí èéfín rẹ̀ ń ṣe ẹ̀dọ̀fóró ní jàǹbá.

Nígbà tí ètò ẹ̀kọ́ 6-3-3-4 bẹ̀rẹ̀ ní 1982 ni títẹ páànù àti irin di ara ẹ̀kọ́ Introductory Technology, tí wọ́n wá pè ní Basic Technology lẹ́yìn náà, ní ìpele kékeré ilé ẹ̀kọ́ girama. Ohun èlò ìtẹ irin kan ṣoṣo yóò tó kíláàsì kan, kò sì pọn dandan kí ó ti òkè òkun wá, nítorí irin áńgù méjì, tí í ṣe irin gígùn tó ní ìhà méjì bí lẹ́tà L, tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 20, pẹ̀lú bóòtù méjì àti nọ́ọ̀tì wọn, ti tó wẹ́dà àdúgbò láti ṣe é. Kí wọ́n sọ fún wẹ́dà pé kí ó lu ihò bóòtù náà sí ìpẹ̀kun méjèèjì, kí àárín lè ṣófo fún agolo, kí ó fi fáìlì ha etí kan títí yóò fi mú, àti pé bí ó bá fẹ́ jó ẹsẹ̀ mọ́ ọn, kí ó máa jó o ní ẹyọ ẹyọ, kí ó sì jẹ́ kí ó tutù láàárín, nítorí ooru ìjórin a máa wọ́ irin áńgù. Kí wọ́n tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, kí wọ́n fi bébà há ẹnu rẹ̀ láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì, kí wọ́n sì máa fà á díẹ̀díẹ̀: ibi tí bébà bá ti yọ láìjá ni agolo náà yóò ti yọ, kí wẹ́dà sì dá fáìlì padà síbẹ̀.