Ọmọ wa lọ kọ́ iṣẹ́ ológun

Bí ọmọ bá gbéra lọ sí ibùdó ológun, ìyá a máa jó, bàbá a máa yan káàkiri àdúgbò. Kí ló fà á?

Ẹ rántí: ní ọdún 1886, ọmọ ogun Dàhòmì ti Àgbómẹ̀ fọ́ ìlú Kétu, wọ́n kó àwọn ènìyàn lẹ́rú. Lónìí, ọmọ Kétu àti ọmọ Àgbómẹ̀ ń wọ aṣọ ológun kan náà, àsíá kan náà ni wọ́n ń kí. Ìyẹn tó ayọ̀ o.

Kí ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀? Wọ́n ń jí ní kùtùkùtù, wọ́n ń sáré, wọ́n ń tò lẹ́sẹẹsẹ. Wọ́n ń kọ́ ìgbọràn, ìlò ìbọn, àti ìtọ́jú ẹni tó fara gbọgbẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rù wà nínú ayọ̀ òbí. Láti ìparí ọdún 2021 ni àwọn oníbọn ti ń kọlu ọmọ ogun wa ní àríwá Bẹ̀nẹ̀. Ọ̀pọ̀ ti kú níbẹ̀. Nítorí náà, ẹ súre fún ọmọ, kí ẹ sì máa bèèrè àlàáfíà rẹ̀.

Bí ó bá kọ lẹ́tà sílé, ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ kà á. Ọ̀rọ̀ tí ọmọ fẹ́ bá ìyá rẹ̀ sọ, kò yẹ kí ẹlòmíràn kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ìdí kan nìyí tí a fi ń kọ́ ìwé.