Iná Ọ́ìlì Tàn Lójú Ọ̀nà Ayétẹ̀: Kí Ló Yẹ Kí Ẹ Ṣe?

Bí ẹ bá ń gbọ́ wa nínú mọ́tò, ẹ kọ́kọ́ fojú wo dáṣíbọ́ọ̀dù yín. Ṣé kò sí iná pupa kankan níbẹ̀? Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ń lọ sí Ayétẹ̀, ní ilẹ̀ Ìbàràpá. A ti kúrò ní Igbó-Ọrà, a ti kọjá Ìdèrè, ni iná pupa kékeré kan bá tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Ó dà bíi búta àlùwàlá tí omi ń kán lẹ́nu rẹ̀. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, kí lèyí?" Wọ́n ní, "Fi í sílẹ̀, Ayétẹ̀ ló kù yìí. Tá a bá débẹ̀, a máa wò ó." Ká tó wọ ìlú, ẹ́ńjìnì ti ń dún kọ́kọ́kọ́ bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn. Ó ti nọ́ọ̀kì. Nígbà tí mẹkáníìkì fa géèjì yọ, kò rí ọ́ìlì kankan lẹ́nu rẹ̀. Ó mi orí, ó ní, "Ọ́ìlì lítà méjì péré ni ì bá gbà yín." Odidi ẹ́ńjìnì tòkunbọ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi padà rà.

Nítorí náà, bí ẹ ò bá rántí ohun mìíràn lónìí, ẹ rántí èyí: bí iná ọ́ìlì pupa bá tàn tí mọ́tò ń lọ, ẹ yà sí ẹ̀gbẹ́ títì, kí ẹ pa ẹ́ńjìnì. Ẹ má ní kó di ilé, ẹ má ní kó di ilé epo tó wà níwájú. Ẹ gbé C-caution sẹ́yìn mọ́tò, kí ẹ fara balẹ̀.

Kí ni iná náà ń sọ?

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ó ń sọ pé ọ́ìlì ti dínkù. Kò rí bẹ́ẹ̀ gan-an. Páǹpù kan wà tó ń fa ọ́ìlì láti inú abọ́ irin ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnì, tó ń tì í lọ sí gbogbo ibi tí irin ti ń yí lórí irin. Sẹ́ńsọ̀ kan ń ṣọ́ agbára tí ọ́ìlì fi ń lọ. Bí agbára yẹn bá lọ sílẹ̀ jù, iná á tàn. Ọ́ìlì lè pé kí iná ṣì tàn, bí páǹpù bá ti bàjẹ́, bí ìdọ̀tí bá dí ẹnu rẹ̀, tàbí bí bẹ́ríǹgì bá ti jẹ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ́ìlì lè dínkù gan-an kí iná má tíì tàn, àfi ìgbà tí páǹpù bá bẹ̀rẹ̀ sí í fa afẹ́fẹ́. Ìyẹn ni pé ìgbà tí iná pupa bá fi máa sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ ti pẹ́ nílẹ̀. Àwọn mọ́tò tuntun kan ní iná yẹ́lò tó ń sọ pé ọ́ìlì ti dínkù. Ìyẹn ò le tó pupa, àmọ́ ẹ tètè bu ọ́ìlì sí i.

Ohun tí ẹ lè ṣe fúnra yín

Ẹ rí i pé mọ́tò wà lórí ilẹ̀ títẹ́jú, kí ẹ dúró bí ìṣẹ́jú 10 kí ọ́ìlì lè sọ̀ kalẹ̀. Ẹ fa géèjì yọ, ẹ fi àkísà nù ún, ẹ tì í padà délẹ̀, kí ẹ tún fà á yọ. Àmì méjì ló wà lẹ́nu rẹ̀. Bí ọ́ìlì bá wà nísàlẹ̀ àmì kejì, ẹ bu irú èyí tí ìwé mọ́tò yín sọ sí i, ìdajì lítà lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ máa wò ó. Ẹ má kọjá àmì òkè, torí ọ́ìlì tó bá pọ̀ jù lè máa hó, agbára rẹ̀ á sì dínkù.

Ẹ wo àwọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú. Bó bá dà bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí, omi ti wọlé. Bó bá ń rùn bí epo bẹntiróòlù, epo ti dà mọ́ ọn. Méjèèjì di ti mẹkáníìkì.

Bí ẹ bá ti bu ọ́ìlì sí i, ẹ sítáàtì mọ́tò. Iná gbọ́dọ̀ kú láàárín ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀. Bí kò bá kú, ẹ pa ẹ́ńjìnì lójú ẹsẹ̀.

Bí ọ́ìlì bá pé tẹ́lẹ̀ ńkọ́? Bí sẹ́ńsọ̀ yín bá jẹ́ oníwáyà kan, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnì tutù, ẹ yí kọ́kọ́rọ́ sí ON láì sítáàtì, kí ẹ yọ wáyà náà. Bí iná bá ṣì ń tàn, wáyà ti bó, ó ń kan irin níbì kan. Bí iná bá kú, wáyà dáa. Ó ku sẹ́ńsọ̀ tàbí ẹ́ńjìnì fúnra rẹ̀. Ẹ má fi sẹ́ńsọ̀ tu ara yín nínú. Ẹ ní kí mẹkáníìkì fi aago tó ń wọn agbára ọ́ìlì sí ojú ihò sẹ́ńsọ̀ kó tó sọ pé ẹ lè máa lọ.

Ẹ̀yin tó ń wa Corolla ìgbà ayé 1998 sí 2004, ẹ́ńjìnì 1ZZ-FE tó wà nínú ọ̀pọ̀ wọn gbajúmọ̀ fún jíjẹ ọ́ìlì. Ó lè má kán sílẹ̀ rárá, kó máa jó o mọ́ epo. Gbogbo ọ́ìlì tó ń gbà kò sì pé lítà 4. Bí lítà kan bá lọ, nǹkan ńlá ti lọ.

Bí ẹ bá ń ra ọ́ìlì, ẹ wo ìdérí rẹ̀ bóyá wọ́n ti ṣí i rí. Bí ẹ bá lò ó tán, ẹ lu ike náà ní ihò, kí ayédèrú ọ́ìlì má baà padà wọ inú rẹ̀.

Àìtètè mólè, olè ń mólóko. Ẹ fi álààmù sórí fóònù yín, kí ẹ máa wo géèjì lọ́sẹ̀ méjì-méjì, àti kí ẹ tó rin ìrìn àjò. Ìṣẹ́jú méjì ni. Ẹ̀gbọ́n mi ò fi tiwọn ṣeré mọ́: lítà ọ́ìlì kan kì í kúrò nínú búùtù wọn.

Ó dìgbà kan ná o. Ẹ máa wa mọ́tò jẹ́jẹ́.