Rírì-bọmi Kọ́, Yíyọ́-ojú Ni: Orúkọ fún Iṣẹ́ Lésà lára Àdàlù Magnẹ́síọ̀mù

Ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọ̀rọ̀ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Bí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá ti Edúnàbọ̀n, ọ̀kan lára àwọn ìlú Òrígbó, lọ kọ́ ìmọ̀ nípa mẹ́táàlì ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Ilé-Ifẹ̀, tí ó sì gbọ́ pé ìtànṣán lésà ń mú ojú magnẹ́síọ̀mù le, ọkàn rẹ̀ yóò lọ sí àgbẹ̀dẹ, níbi tí wọ́n ti ń fi ẹwìrì fẹ́ná títí àdá yóò fi pọ́n, kí wọ́n tó rì í bọ omi. Yóò fẹ́ pe iṣẹ́ méjèèjì ní rírì-bọmi. Orúkọ náà yóò ṣì í lọ́nà.

Nínú irin tí ó ní kábọ́ọ̀nù, iná àgbẹ̀dẹ kò yọ́ irin. Ètò àwọn átọ́ọ̀mù rẹ̀ ni ó ń yí padà, omi sì ń há kábọ́ọ̀nù mọ́ inú rẹ̀. Ibẹ̀ ni líle ti ń wá.

Magnẹ́síọ̀mù kò ní irú àyípadà bẹ́ẹ̀. Nínú àdàlù AZ91, alumíníọ̀mù tó nǹkan bí 9 nínú ọgọ́rùn-ún, síńkì sì tó nǹkan bí 1. Bí ó bá tutù díẹ̀díẹ̀, hóró rẹ̀ a máa tóbi, àpapọ̀ líle kan, Mg17Al12, a sì dì sí ààlà àwọn hóró náà. Bí omi oníyọ̀ bá kàn án, àpapọ̀ yìí àti magnẹ́síọ̀mù tí ó yí i ká a máa ṣe bí bátìrì kékeré; magnẹ́síọ̀mù ni omi yóò máa jẹ.

Lésà, tí Theodore Maiman kọ́kọ́ mú ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà ní 1960, lè yọ́ ojú àdàlù yìí nìkan, ní jíjìn tí kì í sábà tó mìlímítà kan. Gáàsì ágọ́ọ̀nù ni wọ́n fi ń bò ó kí ó má baà gbiná. Bí ìtànṣán bá ti kọjá, ara mẹ́táàlì tí ó tutù lábẹ́ a fa ooru náà mu lọ́gán. Hóró púpọ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí í dì lẹ́ẹ̀kan náà, bí èrò tí ó kún orí ẹní kan tí ẹnikẹ́ni kò ráyè na ẹsẹ̀. Gbogbo wọn a wá kéré. Alumíníọ̀mù púpọ̀ sí i a há sínú hóró, àpapọ̀ líle náà a sì fọ́n ká wínníwínní. Nítorí náà ojú rẹ̀ a máa le sí i, lọ́pọ̀ ìgbà omi kì í sì í tètè jẹ ẹ́ mọ́. Ṣùgbọ́n bí agbára lésà bá pọ̀ jù, magnẹ́síọ̀mù yóò hó, nítorí ìwọ̀n 650 sẹ́ńtígíréèdì ni ó ń yọ́, nǹkan bí 1,090 sì ni ó ń hó.

Omi kò sí nínú iṣẹ́ yìí rárá, kò sì gbọdọ̀ sí. Magnẹ́síọ̀mù tí ó ti yọ́ a máa yọ háídírójìn jáde láti inú omi, háídírójìn a sì gbiná. Ẹni tí orúkọ bá sún láti da omi sí i yóò fara gbọgbẹ́.

Nítorí náà, “yíyọ́-ojú pẹ̀lú lésà” ni ó bá iṣẹ́ náà mu. “Hóró” yẹ fún ẹyọ kọ̀ọ̀kan, “ìtò-hóró” sì yẹ fún bí wọ́n ṣe tò. Kí “rírì-bọmi” máa jẹ́ ti àdá àti ọkọ́, níbi tí ó ti ń sọ òtítọ́.