Ẹ Máa Yẹ Ìpéǹpéjú Ewúrẹ́ Wò

Ewúrẹ́ tí ń jẹun, tí kò sì ya ìgbẹ́ gbuuru, lè ṣubú kú lójijì nítorí àìtó ẹ̀jẹ̀. Horo pupa inú ẹ̀jẹ̀ ni ń gbé afẹ́fẹ́ tí ẹran mí sínú káàkiri ara. Nínú ọ̀nà 100 ẹ̀jẹ̀ ewúrẹ́ tí ara rẹ̀ le, wọn a máa tó 22 sí 38. Aràn kan wà nínú àpòlúkù tí ń mu ẹ̀jẹ̀ yìí, pàápàá ní àkókò òjò. Ẹ̀yin ọlọ́sìn ẹran, ẹ máa ṣí ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ wò ní ojúmọmọ. Bí inú rẹ̀ bá pọ́n, àlàáfíà ni. Bí ó bá funfun, tàbí tí abẹ́ àgbọ̀n bá wú, ẹ tètè ké sí dókítà ẹran. Ẹ má ṣe dúró títí ẹran yóò fi dùbúlẹ̀.