Ẹ̀DỌ̀ WA ÀTI DÍDÍN OÚNJẸ KÙ

Ẹ̀yin ará wa ní Ajah, Jakande, Langbasa, Sangotedo àti gbogbo agbègbè Lẹ́kí, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Allah tó tún jẹ́ kí ojú wa rí ààwẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwa Mùsùlùmí máa ń sọ: "Èmi ò kì í mu ọtí, kí ló fẹ́ ṣe ẹ̀dọ̀ mi?" Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fetí sílẹ̀. Òótọ́ ni pé ọtí ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, ṣùgbọ́n àjẹjù náà ń bà á jẹ́. Ọ̀rá lè kún inú ẹ̀dọ̀ ẹni tí kò fẹnu kan ọtí rí.

Kí ni iṣẹ́ ẹ̀dọ̀ gan-an? Abẹ́ egungun ìhà ọ̀tún ló wà, ó sì tó nǹkan bíi kílò kan àtààbọ̀ lára àgbàlagbà. Bí a bá jẹun tán, ẹ̀jẹ̀ á gbé èròjà oúnjẹ láti inú ìfun lọ bá a. Ẹ̀dọ̀ á wá fi ṣúgà díẹ̀ pamọ́ bí ẹni kó àgbàdo sí àká. Àká yìí kò tóbi. Bí ó bá kún, tí a ṣì ń jẹ, ẹ̀dọ̀ á sọ èyí tó ṣẹ́kù di ọ̀rá. Bí ọ̀rá bá ti ju ìdá 5 nínú 100 ẹ̀dọ̀ lọ, àìsàn ti wọlé nìyẹn. Ó lè wà níbẹ̀ fún ọdún púpọ̀ láìdun ni. Lára àwọn mìíràn, ẹ̀dọ̀ á wú, á ní àpá, á le gbagidi. Ó tilẹ̀ lè di jẹjẹrẹ.

Ẹ wo bí a ṣe ń gbé lójú ọ̀nà Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́ yìí. A jókòó sínú ọkọ̀ láàárọ̀, a jókòó sí ọ́fíìsì, a tún jókòó sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ nírọ̀lẹ́, ìpékeré àti mínírà tútù lọ́wọ́. A délé ní aago mẹ́sàn-án, a jẹ ẹ̀bà ńlá, a sùn. Ikùn ń yọ, a ní owó ló dé.

Ibí yìí ni ààwẹ̀ ti wúlò. Ní Èkó, láti àfẹ̀mọ́júmọ́ di ìgbà tí oòrùn wọ̀ lé ní wákàtí 13. Ṣúgà inú àká ni ẹ̀dọ̀ á kọ́kọ́ ná. Bí ìyẹn bá ti ń tán lọ, ara á bẹ̀rẹ̀ sí í jó ọ̀rá. Ṣùgbọ́n bí a bá fi àkàrà, dòdò àti mínírà ṣínu, tí a tún gún iyán lé e, ohun tí ọ̀sán dín kù ni òru dá padà yẹn. Àwọn kan máa ń sanra sí i kí ọdún tó dé! Súratul-A'raaf, aaya 31, sì ti kìlọ̀ àṣejù nínú jíjẹ àti mímu fún wa.

Èrè rẹ̀ ṣeé wọ̀n. Bí ẹni tó wọn kílò 90 bá fọn kílò mẹ́rin àtààbọ̀, ọ̀rá ẹ̀dọ̀ rẹ̀ á dínkù. Bí ó bá fọn tó 9, wíwú rẹ̀ lè lọ sílẹ̀, àpá náà sì lè rọ̀. Ṣùgbọ́n kí ó máa ṣe é díẹ̀díẹ̀, kó má ju kílò kan lọ lọ́sẹ̀: fífebi pa ara ẹni lè tún dá kún ìyọnu ẹ̀dọ̀.

Ẹ fi dàbínù díẹ̀ àti omi ṣínu. Ẹ jẹ ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín, ẹ̀fọ́ púpọ̀, ẹja ọ̀sà tí a sè; ẹ gé òkèlè sí ìdajì. Ẹ fẹsẹ̀ rìn lọ kírun àsámù. Lẹ́yìn ọdún, ààwẹ̀ Mọ́ńdè àti Tọ́sìdeè ṣì wà.

Ìkìlọ̀ kan kù. Dídín oúnjẹ kù kò wo àrùn mẹ́dọ̀wú oríṣi B. Nínú ìwádìí ìjọba ti ọdún 2018, bí ènìyàn 8 nínú 100 ló ní in ní Nàìjíríà. Ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, kí ẹni tí kò ní i gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ẹni tí ojú rẹ̀ pọ́n rúsúrúsú tàbí tí omi kún inú rẹ̀, kó tètè rí dókítà, kó má fi àgbo dán an wò. Ẹni tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti le, àti ẹni tó ń lo oògùn ìtọ̀ ṣúgà, kí wọ́n gbọ́ tẹnu dókítà kí wọ́n tó gbààwẹ̀. Allah ti yọ̀ǹda fún aláìsàn. Kí á má fi agídí gba ohun tí Ó fi ìrọ̀rùn fún wa.

Kí Allah gba ààwẹ̀ wa, kó sì fún wa ní àlàáfíà. Àmín.