Bí Ẹ Bá Ní Ẹbí ní Niger: Ẹ̀tọ́ Wo Ló Ṣẹ́ Kù?

Illela wà ní ìpínlẹ̀ Sókótó. Birnin Konni wà ní orílẹ̀-èdè Niger. Ìlú méjèèjì ò jìnnà síra wọn, èdè Haúsá kan náà ni wọ́n ń sọ, ọ̀pọ̀ ìdílé ló sì ní ará ní ìhà méjèèjì. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn Faransé ló fa ààlà tó gba àárín wọn, wọn ò sì bi àwọn tó ń gbé níbẹ̀ léèrè. Lónìí, ìpínlẹ̀ Nàìjíríà méje ló bá Niger pààlà: Sókótó, Kebbi, Zamfara, Kàtsínà, Jigawa, Yobe àti Borno.

Ọ̀rọ̀ tó ń jẹ àwọn ìdílé yìí lọ́kàn ni pé: Ṣé a ṣì lè máa lọ sọ́dọ̀ ara wa? Ṣé wọn ò ní lé ẹni tó ti ń gbé lọ́hùn-ún?

Ohun tí àdéhùn fún wọn

Ní ọdún 1979, àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS fọwọ́ sí àdéhùn kan ní Dakar. Ó jẹ́ kí ọmọ orílẹ̀-èdè kan lè wọ òmíràn láìgba físà, kó sì lo 90 ọjọ́ níbẹ̀, tó bá ṣáà ti ní ìwé ìrìnnà tó péye àti ìwé abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ní 1986, wọ́n fi ẹ̀tọ́ láti máa gbé níbẹ̀ kí èèyàn sì ṣiṣẹ́ kún un. Ní 1990, wọ́n fi ẹ̀tọ́ láti dá okòwò sílẹ̀ kún un.

Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń da ìwọlé pọ̀ mọ́ ìgbé. Pé wọn ò béèrè físà lọ́wọ́ ẹnì kan ní ẹnubodè kò sọ pé kó jókòó síbẹ̀ títí láìgbàwé. Ní Nàìjíríà, àjọ tó ń rí sí ìwọlé-wọ̀de ló máa ń fún ọmọ ECOWAS tó bá fẹ́ pẹ́ ju 90 ọjọ́ lọ ní káàdì ìgbélùú.

Àdéhùn 1986 tún ní kí ìjọba má ṣe kó àwọn àlejò lé lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Ẹjọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan ni kí wọ́n gbé yẹ̀ wò. Ọ̀rọ̀ ńlá nìyẹn, torí kò tíì pé ọdún mẹ́rin nígbà náà tí Nàìjíríà lé àwọn àlejò tí ò níwèé, tí èèyàn tó ju mílíọ̀nù kan lọ, tí ọ̀pọ̀ jù lọ wọn jẹ́ ará Gánà, fi palẹ̀ ẹrù wọn mọ́.

Ohun tó yí pa dà

Ní July 2023, àwọn ológun gbàjọba ní Niger. Nàìjíríà ti ẹnubodè, kò sì ṣí i títí di March 2024. Ní January 29, 2025, Niger, Mali àti Burkina Faso jáde kúrò nínú ECOWAS pátápátá.

Lọ́jọ́ yẹn gan-an, ECOWAS ní kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣì máa gba ìwé ìrìnnà àti káàdì ìdánimọ̀ àwọn ará orílẹ̀-èdè mẹ́ta náà, kí wọ́n sì jẹ́ kí wọ́n máa wọlé, kí wọ́n máa gbé, kí wọ́n sì máa ṣòwò bíi ti tẹ́lẹ̀, títí wọ́n á fi sọ ohun tó kàn. Àwọn mẹ́ta náà ti ṣèlérí irú rẹ̀ fáwọn ọmọ ECOWAS ní December 2024.

Torí náà, ilẹ̀kùn ò tíì tì. Àmọ́ àdéhùn ló gbé e ró tẹ́lẹ̀. Ní báyìí, ọ̀rọ̀ ẹnu ìhà méjèèjì ló gbé e ró, ọ̀rọ̀ ẹnu sì lè yí pa dà nígbàkigbà.

Ohun tí ìdílé lè ṣe

● Ẹ má ṣe jẹ́ kí ìwé ìrìnnà yín kọjá àkókò. Ẹ mú ìwé abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú dání.

● Ẹ gba ẹnubodè tí ìjọba fọwọ́ sí, kí wọ́n sì lu òǹtẹ̀ síwèé yín. Ọ̀nà inú igbó lè yá, àmọ́ ẹni tó gbà á ò ní ẹ̀rí ọjọ́ tó wọlé.

● Ẹni tó ti ń gbé lọ́hùn-ún, tó ní ṣọ́ọ̀bù tàbí oko, kó lọ gba ìwé ìgbélùú lórúkọ ara rẹ̀. Kó má ṣe gbára lé orúkọ ọkọ tàbí ẹ̀gbọ́n.

● Ẹ gba ìwé ìbí fún ọmọ níbi tẹ́ ẹ bí i sí. Ẹ fi ẹ̀dà rẹ̀ àti ti ìwé ìgbéyàwó pa mọ́ sọ́dọ̀ ará tó wà ní ìhà kejì.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Ìgbà tí ẹnubodè ṣì ṣí sílẹ̀ ló yẹ kéèyàn wá ìwé, kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n bá tì í.