DÍDÍ OJÚ EYÍN KÍ Ó TÓ JẸRÀ

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, nígbà tí eyín bá ń dun ni, ohun tí a máa ń wí ni pé kòkòrò ń jẹ ẹ́. Àwọn baba wa kò ṣìnà púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Kòkòrò ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí tí a lè fi ojú lásán rí. Wọn a máa sọ ṣúgà inú oúnjẹ wa di omi kíkan, omi kíkan náà a sì máa yọ́ èèpo líle tí ó bo eyín.

Ojú eyín ńlá ẹ̀yìn, tí a fi ń lọ oúnjẹ, ni wọ́n ti ń rí àyè jù. Àwọn kòtò tóóró wà níbẹ̀, òmíràn sì há tó bẹ́ẹ̀ tí ẹyọ irun búrọ́ọ̀ṣì kan kò lè wọ̀ ọ́, kí a má ṣẹ̀ṣẹ̀ wí ti orín. Àkọ́kọ́ nínú àwọn eyín wọ̀nyí a máa hù nígbà tí ọmọ bá tó ọmọ ọdún 6, láìsí pé eyín kan kọ́kọ́ jábọ́ fún un. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ òbí ṣe ń rò pé ọ̀kan nínú èyí tí ọmọ yóò pààrọ̀ ni. Kì yóò pààrọ̀ rẹ̀ láéláé.

Ní ọdún 1955, Michael Buonocore, oníṣègùn eyín ní Rochester ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, kọ̀wé nípa ohun kan tí ó rí kọ́ lára àwọn tí ń kun irin. Àwọn wọ̀nyí a máa fi ásíìdì pa irin lára kí ọ̀dà lè lẹ̀ mọ́ ọn. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ sí eyín, oje tí ó fi lé e sì lẹ̀ mọ́ ọn pẹ́. Ẹni tí ó bá ti rí bí a ti ń ha ògiri amọ̀ kí a tó rẹ́ ẹ yóò mọ ìdí rẹ̀. Ní 1967 ni òun àti Cueto ròyìn pé a lè fi irú oje bẹ́ẹ̀ dí kòtò ojú eyín.

Ní 2017, ẹgbẹ́ Cochrane yẹ ìwádìí 38 wò, tí a ṣe lára ọmọ 7,924. Wọ́n rí i pé láàárín ọdún 2, oje náà dín ìjẹrà kù ní ìwọ̀n 11 sí 51 nínú 100, bí a bá fi wé eyín tí a kò dí. Ẹ kíyè sí bí àlàfo náà ti gbòòrò tó! Itọ́ ni ọ̀tá iṣẹ́ yìí. Bí ó bá kan eyín kí oje tó mú un, oje náà kò ní pẹ́ ṣí.

Ẹ̀rù ti ba àwọn oníṣègùn rí pé bí a bá dí eyín tí ó ti bẹ̀rẹ̀ sí jẹrà díẹ̀, a ó sé kòkòrò mọ́ inú rẹ̀ ni. Ìwádìí fi hàn pé bí ìdí náà bá le dáadáa, oúnjẹ kì í dé ọ̀dọ̀ wọn mọ́, ìjẹrà náà a sì máa dúró.

Ṣùgbọ́n ọmọ tí kò rí oníṣègùn eyín ńkọ́? Níbẹ̀ ni ìwádìí kọjú sí nísinsìnyí. Ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ New York, a fi dídí eyín wé oògùn olómi kan tí ó ní fàdákà nínú, tí a ń fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré kùn ún. Èsì tí ó jáde ní 2023 wí pé oògùn náà kò rẹ̀yìn. Ti 2024 sì wí pé nọ́ọ̀sì ilé-ẹ̀kọ́ lè kùn ún bí òṣìṣẹ́ eyín ti ń kùn ún. Àbùkù rẹ̀ ni pé ó ń sọ ibi tí ó ti jẹrà di dúdú. Òbí lè kọ̀ èyí fún eyín iwájú. Eyín ẹ̀yìn ni àwa ń wí.